Alárenà Tó Kọ̀ Tí Kò Yẹ̀ba

Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni ilé-iṣẹ́ Vertex fi ìtọ́jú Casgevy sí ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ṣoṣo ni owó yẹn wà fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣe é fún onítọ̀hún láyé rẹ̀. Nígbà tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2023 fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 12, ńṣe ni WhatsApp ẹbí wa gbiná. Oògùn SS ti dé! Kò sẹ́ni tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, àfi Mọ́mì Kékeré, àbúrò ìyá mi, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ SS. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Tíṣà, ìwọ lo ń kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì. Kí ló wà nínú nǹkan yìí tó fi wọ́n tó báyẹn? Ṣé wúrà ni?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n fi ń ṣe é."

"Ẹ́ńsáìmù! Èyí tí wọ́n ń pariwo pé ó wà nínú ọṣẹ ìfọṣọ?"

Àwàdà ló pè é, ó sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́ (SS ti ilé-ìwé ni mò ń wí o, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀), ọdọọdún tí a bá sì ti dé orí kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí àwọn kẹ́míkà tètè bá ara wọn ṣiṣẹ́, ni mo máa ń sọ fún wọn pé òun ló ń sọ nǹkan ọ̀wọ́n di pọ́ọ́kú. Bíńtín rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹpẹtẹ, kì í sì í tán sínú iṣẹ́ náà. Ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń rà àti epo tí à ń rọ sínú ọkọ̀, ọwọ́ kátálíìsì ni gbogbo wọn gbà kọjá. Ẹ́ńsáìmù náà, kátálíìsì ni, ara ohun abẹ̀mí ló ti ń wá. Báwo wá ni ìtọ́jú tó jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù ni òpómúléró rẹ̀ ṣe di ọ̀kan lára èyí tó wọ́n jù láyé?

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé kátálíìsì ní kíláàsì nìyí. Ọkùnrin kan wà, obìnrin kan wà, wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, wọn ò rí ẹnu bá ara wọn sọ̀rọ̀. Alárenà á lọ sọ́dọ̀ tibí, á lọ sọ́dọ̀ tọ̀hún, ọ̀rọ̀ á wọ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, alárenà kọ́ ni ọkọ, òun kọ́ ni ìyàwó. Ó ti ń wá àwọn méjì mìíràn tó máa so pọ̀. Àwọn àgbà ní bí ojú bá mojú tán, alárenà a yẹ̀ba. Yíyẹ̀ba yẹn gan-an ni kókó. Alárenà tó bá jókòó ti ọkọ àti ìyàwó sínú ilé, ìgbéyàwó kan ṣoṣo ló máa rí ṣe láyé.

Lẹ́yìn ìyẹn la máa ń wọ láàbù. A ó bu hydrogen peroxide sínú túùbù, ẹbí èyí tí wọ́n fi ń fọ egbò ni, a ó gbé e sílẹ̀. Ojú ò ní rí nǹkan kan. A ó wá wọn manganese dioxide díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ìyẹ̀fun dúdú kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka, a ó dà á sí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló máa hó sókè, ara túùbù á gbóná, igi ìṣáná tí iná rẹ̀ ti ń kú lọ á sì tún gbiná tí a bá kì í bọ ẹnu rẹ̀, nítorí ọ́síjìn tó ń tú jáde. Tó bá rọlẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó sá ìyẹ̀fun dúdú náà gbẹ, a ó tún un wọ̀n. Iye tó wà náà ló ṣì wà. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ gbà. Wọ́n á ní òṣùwọ̀n ló bàjẹ́. Ìgbà náà ni n ó mú ẹ̀dọ̀ màlúù tí mo rà lọ́jà láàárọ̀ jáde, n ó gé e bíńtín sínú túùbù mìíràn, ìfófòó funfun á ru sókè, á ṣàn sí ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú. Ẹ́ńsáìmù catalase tó wà nínú ẹ̀dọ̀ náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo péré nínú rẹ̀ lè tú mílíọ̀nù mólékù peroxide palẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó parí. Alárenà tó mọṣẹ́ nìyẹn.

Bí irú alárenà bẹ́ẹ̀ bá dé ilé-iṣẹ́ oògùn, ohun tó ń ṣe níbẹ̀ hàn kedere nínú sitagliptin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí ilé-iṣẹ́ Merck ń tà lórúkọ Januvia. Ìrísí méjì ni mólékù rẹ̀ lè jáde, ọ̀kan ló wúlò. Rhodium, irin olówó ńlá, ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò láti rí i pé èyí tó wúlò ló jáde. Wọ́n nílò ìkòkò irin ńlá tó lè gba hydrogen pẹ̀lú agbára, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún yọ rhodium kúrò nínú oògùn náà kó tó kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Merck wá lọ bá ilé-iṣẹ́ Codexis. Wọ́n mú ẹ́ńsáìmù kan tí kò lè fọwọ́ kan ohun èlò yìí rárá, wọ́n ń yí i padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dán an wò, wọ́n ń mú èyí tó ṣe dáadáa jù, wọ́n tún ń yí ìyẹn náà padà. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ojú ibi 27 lára ẹ́ńsáìmù náà ni kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé oògùn tó ń jáde fi ìdá 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ìdọ̀tí dín kù ní ìdá 19, irin olóró sì kúrò ńbẹ̀ pátápátá.

Frances Arnold ló la ọ̀nà yìí, pé kéèyàn máa tọ́ ẹ́ńsáìmù láti ìran dé ìran nínú láàbù títí tó fi máa ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́run ò rán an. Ní 1993 ó ṣe é fún subtilisin, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Subtilisin yìí, mọ̀lẹ́bí àwọn ẹ́ńsáìmù inú ọṣẹ ìfọṣọ gan-an ni. Mọ́mì Kékeré ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ rárá.

Ó wá ku Cas9, ẹ́ńsáìmù tó wà nídìí Casgevy. Láti ara bakitéríà tó ń fa ọ̀nà-ọ̀fun dídùn, Streptococcus pyogenes, ni wọ́n ti rí i. Bakitéríà náà ń fi í gé DNA, ìyẹn ìwé ìlànà oní-lẹ́tà, ti fáírọ́ọ̀sì tó bá wá bá a jà. Ní 2012, Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier fi hàn pé téèyàn bá fún un ní ìwé àdírẹ́sì, ìyẹn RNA tí lẹ́tà bí 20 lórí rẹ̀ ń júwe ibi tó ń lọ, ibi tí wọ́n bá rán an ló máa gé. Ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n gbà ní 2020, ti kẹ́mísìrì ni, kì í ṣe ti ìṣègùn. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìwà Cas9. Tó bá gé DNA tán, kì í lọ. Àwọn tó wọn iṣẹ́ rẹ̀ nínú túùbù rí i pé ńṣe ló máa ń di ojú ibi tó gé náà mú ṣinṣin, bíi pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ó di dandan kí àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn wá tì í kúrò. Cas9 kan, gígé kan. Tí wọ́n bá gbé e wá sí láàbù wa kí ó wá bá catalase figagbága, màá fún un ní òdo. Alárenà tó kọ̀ tí kò yẹ̀ba ni.

Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Láti 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé hemoglobin, ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ti àwọn tó ní àrùn yìí yàtọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí nínú jíìnì rẹ̀. Tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára hemoglobin S, ńṣe ló ń so mọ́ra wọn ní gbọọrọ gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ pupa á tẹ̀ kọrọdọ, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín, kíráísìsì á dé. Ìkókó kì í tètè ní i, ohun tí dókítà obìnrin kan, Janet Watson, sì kíyè sí ní New York ní 1948 nìyẹn: hemoglobin tí ọmọ gbé wá látinú oyún ń dáàbò bò ó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ara á pa á tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti àgbà. Ní 2008, Stuart Orkin, Vijay Sankaran àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A ló ń pa á tì. Nǹkan tó ń tan BCL11A sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó máa di ẹ̀jẹ̀ pupa ni Cas9 ń lọ gé. Hemoglobin ìkókó á padà, á tó bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn 31 tí FDA wo èsì wọn, 29 ló lo oṣù 12 gbáko láìsí kíráísìsì líle kan. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ SS dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù lóru mọ ohun tí oṣù 12 túmọ̀ sí.

Ibo wá ni owó ń gbà lọ? Wọ́n á kọ́kọ́ máa pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọ́n á gún un ní plerixafor kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lè jáde kúrò nínú mùdùnmúdùn eegun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á dè é mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á máa ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Tí wọn ò bá pọ̀ tó, á tún padà wá. Wọ́n á kó wọn lọ sí ilé-iṣẹ́, níbi tí Cas9 ti máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á dán gbogbo rẹ̀ wò, ìyẹn sì lè gbà tó oṣù 6. Tí ó bá padà dé, wọ́n á fi busulfan, tí í ṣe kẹ́mò, pa mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun rẹ̀ kí àyè lè gba tuntun. Irun á re, ẹnu á bó, á sùn ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó sì ṣeé ṣe kí ó má lè bímọ mọ́. Nínú gbogbo èyí, ẹ́ńsáìmù ni kò tó nǹkan. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sitagliptin ń se ìkòkò oògùn kan fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn; ti Casgevy, ìkòkò kan, èèyàn kan. Bẹ́ ẹ fún wọn ní Cas9 lọ́fẹ̀ẹ́, owó náà ò ní fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, NICE, àjọ tó ń yẹ ìtọ́jú wò fún ìjọba, gbà ní oṣù Kìíní 2025 kí NHS, ètò ìlera ìjọba, máa san án fún àwọn tó ní SS. Mílíọ̀nù 1.65 pọ́n-ùn ni iye orí ìwé, wọ́n sì bá ilé-iṣẹ́ náà dúnàádúrà lábẹ́lẹ̀. Bí 50 èèyàn lọ́dún ni wọ́n retí pé ó máa kàn. Inú mi dùn fún àwọn ará wa ní London tó wà nínú wọn. Ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ìṣègùn máa ń sọ pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí tó 150,000 lọ́dún. Mi ò ní ṣe ìṣirò yẹn fún yín.

Ohun tí mo sọ fún Mọ́mì Kékeré lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé kó má dá hydroxyurea, oògùn tí ọmọ rẹ̀ ń lò, dúró. Ẹnì kan ní kẹ́mísìtì ti dẹ́rù bà á pé oògùn jẹjẹrẹ ni. Òótọ́ ni pé wọ́n ń lò ó fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ láti 1998 ni FDA ti fọwọ́ sí i fún SS. Kẹ́mísìrì rẹ̀ sì dùn ún sọ: láti 1869 ni wọ́n ti ṣe é ní Jámánì, kátálíìsì ló sì ń dí lọ́wọ́. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń ṣe èlò tí ara fi ń kọ DNA tuntun. Hydroxyurea máa ń pa iná tó wà láàárín ẹ́ńsáìmù náà. Iṣẹ́ á falẹ̀ nínú mùdùnmúdùn, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hemoglobin ìkókó padà. Ohun kan náà tí Casgevy ń wá kiri pẹ̀lú mílíọ̀nù dọ́là! Kò lágbára tó o, kì í sì í wo àrùn náà sàn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé. Àmọ́ ìwádìí REACH tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ìrora dín kù, ibà dín kù, ikú pàápàá dín kù. Ilé-iṣẹ́ Bond Chemical tó wà ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ń ṣe é. Awẹ́ yìí kan náà tí ẹ mọ̀. Tí wọ́n bá ń pín ìyìn, mo rò pé ariwo tí à ń pa lé Awẹ́ lórí kéré jù.

Kì í sì í ṣe gbogbo tuntun ló ń pẹ́. Voxelotor, oògùn SS mìíràn, dé ní 2019 pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2024, Pfizer kó o kúrò lórí àtẹ káríayé nítorí ikú àti kíráísìsì tí wọ́n rí láàárín àwọn tó ń lò ó.

Ibi tí ojú mi wà báyìí ni àwọn ẹ́ńsáìmù tí kì í gé DNA já. Ní 2017, Nicole Gaudelli àti David Liu mú ẹ́ńsáìmù kan tí kì í fọwọ́ kan DNA, TadA, wọ́n fi ọ̀nà Arnold tọ́ ọ títí tó fi gbà láti yí lẹ́tà kan padà sí òmíràn lórí DNA. Wọ́n wá so ó mọ́ Cas9 tí wọ́n ti ká ọ̀kan nínú eyín rẹ̀ méjèèjì. Alárenà tó ń jókòó pa yẹn wá di ẹni tó mú àǹfààní wá, torí ibi tó bá di mú ni TadA ti ń rí àyè ṣiṣẹ́. Ní 2021, wọ́n fi irú rẹ̀ tún lẹ́tà SS ṣe lára eku. Kò dá a padà sí AA o. Ó sọ ọ́ di hemoglobin kan tí wọ́n ń pè ní Makassar, tí wọ́n ti rí lára àwọn èèyàn kan ní Indonéṣíà, tí kò sì pa wọ́n lára.

Ní oṣù Kejì 2025, ní ọsibítù ọmọdé ní Philadelphia, Rebecca Ahrens-Nicklas àti Kiran Musunuru fa irú ẹ́ńsáìmù yìí sí ara ìkókó kan tí ayé mọ̀ sí KJ. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò ní ẹ́ńsáìmù CPS1 tó ń bá ara palẹ̀ oró ammonia mọ́. Kátálíìsì ni wọ́n fi tún kátálíìsì ṣe. Ohun tó mú mi dìde lórí ìjókòó ni pé wọn ò ṣa sẹ́ẹ̀lì kankan, wọn ò fi kẹ́mò pa nǹkan kan. Wọ́n fi ọ̀rá wẹ́wẹ́ di ìwé ìlànà ẹ́ńsáìmù náà, wọ́n fà á sínú iṣan rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fa omi sí èèyàn lára, inú ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ni iṣẹ́ ti wáyé.

Ẹ̀dọ̀ ló jẹ́ kó rọrùn, torí ọ̀rá wẹ́wẹ́ tó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń yà. Inú eegun ni ti SS wà. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan, ní Philadelphia náà, so ohun kan tó mọ ojú sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá náà, ó sì dé mùdùnmúdùn eegun eku. Owó tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, àti Gates Foundation kéde ní 2019, ó kéré tán mílíọ̀nù 100 dọ́là látọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, irú ọ̀nà yìí ni wọ́n ní àwọn ń wá fún Áfíríkà: abẹ́rẹ́ tí kò nílò ilé-iṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ Mọ́mì Kékeré fúnra rẹ̀ nígbà tó wá kí mi. Ó ti wọ yunifásítì báyìí. Ó ní Casgevy, bí wọ́n bá tiẹ̀ fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, òun ò mọ̀ bóyá òun máa gbà á, torí òun fẹ́ bímọ, busulfan yẹn ń já òun láyà. Mo sọ fún un pé wọ́n lè bá a fi àtọ̀ pamọ́ ṣáájú. Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó gbójú sílẹ̀, ó wá bi mí pé, "Bùrọ̀dá, abẹ́rẹ́ tó máa wọ inú eegun yẹn ńkọ́, tó bá ṣìnà, tó wá wọ inú àtọ̀, ṣé ọmọ tí mo bá bí náà á gbé e?" Mo sọ fún un pé ìbéèrè tí àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ń bi àwọn olùwádìí náà nìyẹn, ara eku ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń wá ìdáhùn rẹ̀.